Ẹjọ́ Olórin, Ẹjọ́ Orin: Àgbéyẹ̀wò Dear You

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà. Òwe yìí ni a fi bẹ̀rẹ̀ àgbéyẹ̀wò Dear You, àwo orin tí Jawbreaker, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1995.

Àwo mẹ́ta ni ẹgbẹ́ náà ti ṣe lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ṣáájú èyí. Láàrin àwọn olórin pọ́ǹkì tí wọ́n ti jáde wá, ojú ọ̀dàlẹ̀ ni a fi ń wo ẹni tí ó bá bá ilé-iṣẹ́ ńlá dòwò pọ̀. Jawbreaker fúnra wọn ti sọ ní gbangba pé àwọn kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú DGC, ilé-iṣẹ́ tí ó gbé orin Nirvana jáde. Inú bí àwọn olólùfẹ́ wọn. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ máa kẹ̀yìn sí wọn lójú agbo bí wọ́n bá ti dá orin titun. Àwo náà kò tà tó bí a ti retí. Ní 1996, ẹgbẹ́ náà tú ká.

A kò sọ pé àwọn olólùfẹ́ náà kò rí wí. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu olùfẹ̀sùn nìkan ni a gbọ́. A kò jẹ́ kí orin fúnra rẹ̀ rojọ́. Wọ́n ní ohùn Blake Schwarzenbach ti dán jù. Wọ́n gbàgbé pé a ti ṣe iṣẹ́ abẹ sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kí àdéhùn náà tó wáyé. Nínú Accident Prone, ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn gan-an ni ó gbé ìbànújẹ́ orin náà yọ: ó ń kọrin bí ẹni tí ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, títí gìtá fi ru bo ohùn náà mọ́lẹ̀.

Àbùkù àwo náà wà níbòmíràn. Gìtá ti nípọn jù nínú ọ̀pọ̀ orin, tí gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ tí Chris Bauermeister ń ta, tí a ti máa ń gbọ́ ketekete tẹ́lẹ̀, fi rì sábẹ́ rẹ̀. Èyí ni ó yẹ kí lámèyítọ́ wí.

Ní 2004, Adam Pfahler, onílù wọn, tún àwo náà gbé jáde. Nígbà tí wọ́n padà sórí ìtàgé ní Chicago ní 2017, tayọ̀tayọ̀ ni èrò fi gbà wọ́n. Orin kò yí padà. Ìbínú ni ó rọlẹ̀, tí etí fi ráyè gbọ́ ọ.