Fóònù, Akẹ́kọ̀ọ́ àti Ìjà Ọ̀rẹ̀

Àwọn olùkọ́ wa ń yin fóònù àti ojú òpó ìkànsíraẹni bí irinṣẹ́ ẹ̀kọ́, àwọn òbí sì ń bẹ̀rù wọn. Èmi gbà pé ohun tí ọmọ ń fi wọ́n ṣe ló yẹ ká yẹ̀ wò. Ọmọ tó ń wo fídíò gba ìròyìn. Èyí tó wádìí ọ̀rọ̀, tó gbà á sílẹ̀, tó sì dúró ti ohun tó sọ nínú rẹ̀, ló kẹ́kọ̀ọ́.

Fífi ẹ̀rọ kọ́ni ti pẹ́ láàárín wa. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, ètò àwọn ọmọ iléèwé sì wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Ní 2013, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé ẹ̀rọ tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pè ní Ọpọ́n Ìmọ̀ kalẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama àgbà, pẹ̀lú ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá nínú rẹ̀. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti iléèwé pa ní 2020, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ sá tọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n àbùkù kan náà ló bá gbogbo wọn: olùkọ́ tàbí ẹ̀rọ ń fúnni, ọmọ ń gbà. Ẹgbẹ́ WhatsApp tí wọ́n ń fi fọ́tò nóòtì ránṣẹ́ sí lónìí kò kúrò ní ojú kan náà.

Ìlú Ọ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ohun tó lè yí èyí padà. Ní oṣù kẹjọ 1967, nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà, àwọn ọmọ ogun Biafra gba Bẹ́ńì, wọ́n sì wá dé Ọ̀rẹ̀ kí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tó dá wọn padà. Láti ìgbà náà ni "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀" ti wà lẹ́nu Yorùbá. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 10 nígbà náà ti ń sún mọ́ 70 báyìí. Kí olùkọ́ Ìtàn pín kíláàsì sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún, kí fóònù kan ṣoṣo wà fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan á to ìbéèrè, ẹnì kan á bi àgbà, ẹnì kan á gba ohùn sílẹ̀, ẹnì kan á kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ẹ̀ka-èdè Oǹdó tàbí Ìkálẹ̀ tí àgbà náà fi sọ ọ́, ẹnì karùn-ún á sì fi í wé ohun tí ìwé ìtàn wí. Bí ọjọ́ tí àgbà náà dárúkọ bá yàtọ̀ sí ti ìwé, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹbí Ìgbò pẹ̀lú ń gbé Ọ̀rẹ̀; iṣẹ́ tí kò bá gbọ́ ohùn tiwọn kò tíì pé.

Ọ̀nà yìí wúlò fún ẹ̀kọ́ mìíràn pẹ̀lú. Ní oko kòkó Òdìgbó, ọmọ lè ya fọ́tò kòkó tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ní ojoojúmọ́, fún ọjọ́ márùn-ún sí méje tó fi ń kan, kó sì ṣàlàyé ohun tó fa ìyípadà àwọ̀ àti òórùn rẹ̀.

Ewu ń bẹ níbẹ̀. Orin dídùn àti àwòrán tó ń tàn tí ọmọ fi kún iṣẹ́ lè bo àìjinlẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ìwádìí àti àlàyé ni kí olùkọ́ fún ní máàkì púpọ̀. Dátà wọ́n, ṣùgbọ́n ohùn kì í jẹ dátà bíi fídíò. Iléèwé tí kò gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti mú fóònù wọlé lè lo ti olùkọ́. Òfin ààbò ìsọfúnni Nàìjíríà ti 2023 béèrè ìyọ̀ǹda òbí lórí ìsọfúnni ọmọdé; bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ àgbà tí a gba ohùn rẹ̀, kí a sì jẹ́ kó gbọ́ iṣẹ́ náà kí ayé tó gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ Ọ̀rẹ̀ àti Òdìgbó, ẹ má dúró de kọ̀ǹpútà láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Ẹgbẹ́ kan, fóònù kan àti àgbà kan tó láti bẹ̀rẹ̀ ní táàmù yìí. Àwọn tó fojú rí ìjà Ọ̀rẹ̀ ń dín kù lọ́dọọdún.