Òfófó Tàbí Ẹ̀rí? Àyẹ̀wò Ìfẹjọ́sùn Láàárín Àwọn Yunifásítì Amẹ́ríkà Tó Ń Du Agbábọ́ọ̀lù

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òfófó kì í gba ẹgbàá, ibi ọpẹ́ ní í mọ. Ìtumọ̀ òwe yìí ni pé ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kiri kì í rí èrè kan tó jọjú lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ ní agbo bọ́ọ̀lù àwọn yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré, tí ó yàtọ̀ sí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Yunifásítì tó bá fẹjọ́ orogún rẹ̀ sùn pé ó fi owó fa ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù mọ́ra lè jèrè púpọ̀, nítorí pé bí ìyà bá jẹ orogún náà, ọ̀dọ̀ olùfẹjọ́sùn ni àwọn ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá lè yà sí.

Irú ìfẹjọ́sùn bẹ́ẹ̀ ni bébà yìí yẹ̀ wò. Ìbéèrè tó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ni pé irú ènìyàn wo ni ẹni tó sọ̀rọ̀. Ìbéèrè yìí kò tó. Ohun mẹ́ta ló yẹ ní yíyà sọ́tọ̀: òótọ́ ọ̀rọ̀ náà, èrè tó wà níbẹ̀ fún ẹni tó sọ ọ́, àti ẹni tí ìyà já lé lórí.

Òfin Tí Kò Ní Ojú Tirẹ̀

Àjọ NCAA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1906, ló ń ṣe òfin fún eré ìdárayá àwọn yunifásítì wọ̀nyí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin náà gba yunifásítì láàyè láti fún agbábọ́ọ̀lù ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ibùgbé àti oúnjẹ. Ó ka owó, ọkọ̀ àti ẹ̀bùn fún ẹbí léèwọ̀. Ṣùgbọ́n NCAA kì í ṣe ìjọba. Kò ní àṣẹ láti fi ìwé ìpè kóòtù mú ẹnikẹ́ni wá jẹ́rìí, àwọn olùwádìí rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, àwọn orogún ni wọ́n di ojú fún un.

Èyí kò yani lẹ́nu. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá méjì tó ń du ọmọ kan náà, pálọ̀ kan náà ni wọ́n ń jókòó sí, ìyá kan náà ni wọ́n ń bẹ̀. Kí Eric Dickerson tó wọ Southern Methodist University (SMU) ní ọdún 1979, Texas A&M náà ń dù ú; ọkọ̀ Pontiac Trans Am tó ń wà nígbà náà di ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn Texas. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó mọ̀ jù náà ni ọ̀rọ̀ kàn jù. Orogún mọ ohun tó wà nínú ìkòkò orogún rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ṣí ìkòkò tirẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Òfin tó gbẹ́kẹ̀ lé irú ojú bẹ́ẹ̀ kò lè rí ju ohun tí olójú bá fẹ́ kí ó rí.

Ẹjọ́ Alabama

Ní ọdún 2000, Phillip Fulmer, akọ́nimọ̀ọ́gbá Tennessee, fi ohun tó gbọ́ tó àwọn aláṣẹ létí: pé olówó kan tó ń ti Alabama lẹ́yìn ti fi owó ra ọ̀nà sọ́dọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì kan ní Memphis, kí ó lè darí ọmọ abẹ́ rẹ̀ kan sí Alabama. Ní oṣù kejì ọdún 2002, NCAA yọ Alabama kúrò nínú ìdíje ìparí ọdún fún ọdún méjì, ó sì gba ààyè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 21 lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ipa Fulmer hàn sóde, àwọn agbẹjọ́rò ń wá a láti fún un ní ìwé ìpè. Ní ọdún 2004, kò yọjú sí ìpàdé oníròyìn tí ẹgbẹ́ SEC ṣe ní Alabama. Orí tẹlifóònù ló ti sọ̀rọ̀, wọ́n sì ní kí ó san 10,000 dọ́là owó ìtanràn.

Àwọn ará Alabama pè é ní olófòófó. Àwọn tirẹ̀ ní òfin ló pa á láṣẹ. Ìhà méjèèjì kùnà. Ní ọdún 2005, kóòtù ìjọba àpapọ̀ ní Memphis dá olówó náà lẹ́bi. Ìbínú orogún kò sọ òótọ́ di irọ́. Síbẹ̀, òótọ́ kò sọ Fulmer di ẹni tí kò ní èrè níbẹ̀, nítorí Alabama ni Tennessee ń bá figagbága lọ́dọọdún. Ọ̀rọ̀ kan náà lè jẹ́ òótọ́, kí ó sì jẹ́ ohun ìjà. Ọmọ náà ni àríyànjiyàn yìí gbàgbé. Ẹni tó yẹ kí ó tọ́ ọ sọ́nà ló fi í ṣe ọjà, ó sì ní láti fi Alabama sílẹ̀ lọ sí Yunifásítì Memphis.

Ẹni Tó Fẹjọ́ Ara Rẹ̀ Sùn

Bí òfófó bá burú, ìjẹ́wọ́ ńkọ́? Ní ọdún 1985, Jim Wacker, akọ́nimọ̀ọ́gbá Texas Christian University, gbọ́ pé àwọn olówó ń sanwó fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó yọ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, òun fúnra rẹ̀ ló sì kó ẹjọ́ lọ bá NCAA. Ní ọdún 1986, àjọ náà fìyà tó gbóná jẹ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ẹ̀kọ́ tí àwọn tó kù lè rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ó sàn kí ènìyàn ka ẹ̀ṣẹ̀ orogún ju kí ó ka tirẹ̀ lọ.

Ẹjọ́ SMU tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1986, agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ kan sọ ti owó tó gbà lórí tẹlifíṣàn. Ní oṣù kejì ọdún 1987, NCAA fagi lé gbogbo ìdíje SMU fún ọdún náà, lẹ́yìn tó rí i pé agbábọ́ọ̀lù 13 gba nǹkan bí 61,000 dọ́là. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Bill Clements, gómìnà Texas, tó ti jẹ́ alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ SMU, jẹ́wọ́ pé òun mọ̀ pé wọ́n ń san owó náà lọ. Fíìmù Pony Excess (2010), tí Thaddeus D. Matula, akẹ́kọ̀ọ́jáde SMU, darí, fi hàn dáadáa pé SMU nìkan kọ́ ló ń ṣe é. Ẹ̀rí yìí lágbára, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwíjàre. Pé ẹni tí ilẹ̀ mọ́ bá nìkan ni wọ́n pè lólè kò sọ olè jíjà di iṣẹ́ ọmọlúàbí. Ohun tó yẹ kí ó ká ènìyàn lára jù ni pé Clements lo sáà rẹ̀ tán, nígbà tí àwọn ọmọ tí kò gba kọ́bọ̀ pàdánù ẹgbẹ́ wọn.

Ìgúnlẹ̀

Láti oṣù keje ọdún 2021, agbábọ́ọ̀lù lè fi orúkọ rẹ̀ pa owó. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, kóòtù fọwọ́ sí àdéhùn tó jẹ́ kí yunifásítì máa sanwó fún wọn tààrà. Ohun tí wọ́n fi ń sun ẹjọ́ ara wọn nígbà náà ti di ìwé àdéhùn. Èyí kò sọ gbogbo ẹjọ́ àtijọ́ di asán, nítorí ọmọ tí àgbàlagbà tà kò gba owó ara rẹ̀. Ohun tó fi hàn ni pé ìyà náà ṣì ẹni tó yẹ ní jíjẹ.

Ní ọdún 2023, NCAA bu owó ìtanràn tó ju mílíọ̀nù 8 dọ́là lọ lé Tennessee nítorí ìrúfin tó wáyé lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá tí Fulmer, tó ti di ọ̀gá eré ìdárayá níbẹ̀, gbà síṣẹ́. Wọn kò ka ẹ̀sùn kankan sí Fulmer lọ́rùn. Tennessee ṣèwádìí ara rẹ̀, NCAA sì tìtorí èyí jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa kópa nínú ìdíje ìparí ọdún. Ohun tí wọ́n fi du Texas Christian ní ọdún 1986 nìyí. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Àjọ tó bá fẹ́ ẹ̀rí gidi gbọ́dọ̀ wá a ní ibòmíràn yàtọ̀ sí ẹnu orogún, kí ó tu ẹni tó jẹ́wọ́ nínú, kí ó sì jẹ́ kí ìyà bá ẹni tó fowó sílẹ̀ kí ó tó bá ọmọ.