Àwo Comfort Ọmọge àti Ohùn Tí Ìwé Kò Gbà

Akẹgbẹ́ wa kan tún ti to ìtàn náà bí wọ́n ṣe máa ń tò ó: àrokò ló ṣáájú, ìwé dé, àrokò kógbá sílé, rédíò àti àwo tẹ̀lé e, fóònù wá jogún gbogbo wọn. Lójú tirẹ̀, ẹ̀rọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló ń gba ọ̀rọ̀ jù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, níbi tí Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn lọ́dún 1859. Àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ ní Àyèká, nílẹ̀ Ìkálẹ̀.

Àwọn míṣọ́nnárì CMS fẹnu kò l'Ékòó lọ́dún 1875 lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá, odindi Bíbélì sì jáde ní 1884. Ohùn Ọ̀yọ́ ló gbawájú níbẹ̀. Àwọn Ìkálẹ̀ ń pe “gh” ní ọ̀pọ̀ ibi tí Yorùbá inú ìwé ti ń pe “w”, wọ́n sì ń fi “u” bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Àkọtọ́ kò ní lẹ́tà fún ti àkọ́kọ́, kò sì fàyè gba ìkejì. Bí ọmọ Àyèká ṣe ń ka èdè kan ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, tó ń sọ òmíràn nídìí ẹbu.

Àwo kì í béèrè àkọtọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òun ló gba Comfort Ọmọge, olórin Ìkálẹ̀ nì, wọlé, tòun ti orin Aṣíkò Ìkálẹ̀ rẹ̀, ẹni tí àwọn lámèyítọ́ wa máa ń fò dá bí ìgbà tí kò kọrin rí, nítorí pé jùjú àti fújì ti gba gbogbo ojú ìwé wọn. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo àwo ló lè gbà á. Àwo tó ń yí ní ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 lọ lójú kan. Irú rẹ̀ ni Josiah Ransome-Kuti kọrin sí ní Lọ́ńdọ̀n lọ́dún 1922, ó sì tó o, torí orin ìsìn ló kọ. Kò lè tó eléré Aṣíkò. Eléré ní láti júbà ná. Kó ki ẹni tó ń náwó fún un, kó ki baba ẹni náà àti ìlú rẹ̀. Kí ẹlégbè gbè é. Kí ìlù gba tirẹ̀ sọ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ gan-an á ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Elépìí tó jáde l'Ámẹ́ríkà ní 1948, tó ń gba ìṣẹ́jú 20 àti jù bẹ́ẹ̀ lójú kan, ló fún irú eré bẹ́ẹ̀ láyè. Gbé abẹ́rẹ́ lé etí àwo kó o tẹ́tí: ìkíni náà gan-an ni iṣẹ́ ọnà, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.



Akẹgbẹ́ wa ka fóònù sí ọmọ ìwé nítorí pé à ń tẹ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Kò rántí pé WhatsApp ti ń gba ohùn láti 2013. Ọmọ Ìkálẹ̀ tó wà l'Ékòó ń di bọ́tìnnì mú, ó ń sọ èdè ìyá rẹ̀ láìbìkítà fún àkọtọ́. Ìran àwo nìyẹn.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń da orin Ìkálẹ̀ kọ láti inú àwo. Wọ́n á sọ gbogbo “gh” di “w”, wọ́n á gé “u” iwájú ọ̀rọ̀ kúrò, wọ́n á fo ìkíni, olùkọ́ wọn á sì fún wọn ní máàkì pé Yorùbá wọn dán mọ́rán.