Gìtá Alágolo Kì í Ṣe Ohun Ìṣeré Lásán

Ní ọjọ́ kan, a bá ọmọ wa ọkùnrin ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń fi ìṣó kan igi mọ́ agolo òróró. Wáyà búréèkì kẹ̀kẹ́ ni ó fẹ́ fi ṣe okùn rẹ̀. A jágbe mọ́ ọn pé kí ó lọ kàwé. Ìyá rẹ̀ ni ó rán wa létí pé àwa náà ṣe irú rẹ̀ rí ní kékeré, àti pé ẹsẹ̀ ni bàbá wa fi tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára. Láti ìgbà náà ni a ti ń fetí sílẹ̀ sí ohun èlò orin tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n lókìkí jù nínú rẹ̀. Àpótí pákó tí wọ́n ń kó sìgá ńlá oníewé tábà sí ni àwọn aláìní, dúdú àti funfun, ń sọ di gìtá. Àwòrán kan tí Edwin Forbes gbé jáde ní 1876 fi sójà Ogun Abẹ́lé wọn hàn pẹ̀lú gòjé òyìnbó tí a fi irú àpótí bẹ́ẹ̀ ṣe. Lightnin' Hopkins, àgbà olórin blues láti Texas, àpótí tábà ni ó fi ṣe gìtá rẹ̀ àkọ́kọ́. Albert King náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ nípa ohùn rẹ̀. Àpótí náà kéré, nítorí náà ohùn rẹ̀ kò jinlẹ̀, kì í sì í pẹ́ kí ó tó kú. Ẹni tí ó bá ń wá ohùn gìtá ilé ìtajà níbẹ̀ yóò bínú. Ṣùgbọ́n okùn mẹ́ta péré ni ó sábà máa ń ní, wọ́n á sì so wọ́n kí ohùn wọn bára mu kí ìka tó tẹ̀ wọ́n rárá. Bí olórin bá wá ki ọrùn ìgò bọ ìka, tí ó fi ń fa orí okùn, ohùn á máa yọ́ gòkè, á máa yọ́ sọ̀kalẹ̀ bí ẹni ń sunkún. Etí Yorùbá tí ó mọ ìyàtọ̀ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò lè ṣàì gbádùn rẹ̀.

Èyí tí kò dùn mọ́ wa ni èyí tí wọ́n ń tà nísinsìnyí nínú páálí, tí wọ́n ti gé gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí yóò rà á. Kí ni olúwarẹ̀ ṣe? Ó kàn dè é pọ̀ ni.

Àmọ́ kí ni a ń lọ Amẹ́ríkà wá? Níbí ní Jos ni Dan Maraya gbé, ọmọ Bukuru tí ó kú ní 2015. Kuntigi rẹ̀, agolo sàdíìnì ńlá tí a bo awọ ewúrẹ́ mọ́ ni, okùn kan ṣoṣo! Ẹ tún orin rẹ̀ nípa àwọn ọmọ ọkọ̀, Wakar Karen Mota, gbọ́. Bí ó bá dákẹ́, okùn á máa tún ohun kan náà sọ kíákíá. Bí ó bá ń kọrin, okùn á yí padà tẹ̀ lé ohùn ẹnu rẹ̀. Àwa tí a ti pẹ́ ní ìlú yìí, orin alágbe ni a ń pè é. Ẹ̀bi wa ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwa náà ní gòjé àti agídìgbo, tí a jókòó ti kíbọ́ọ̀dù kan ní gbogbo òde àríyá wa. Àwọn ọmọ wa ń jó, wọn kò rí ọwọ́ tí ó kan okùn.

Agolo òróró ọmọ wa kò pẹ́ tí ó fi tẹ̀ wọnú, nítorí wáyà fà á. Nígbà náà ni ó yé wa ìdí tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe fi ń jẹ́ kí igi gba inú àpótí kọjá láti òpin kan dé èkejì: igi ni ó ń gba agbára okùn, kì í ṣe àpótí. A ti jọ gé igi mìíràn. Àpótí pákó fẹ́lẹ́ ni ó kù. Ẹni tí ó bá ní i nílé nínú ẹgbẹ́, kí ó jọ̀wọ́ mú un wá sí ìpàdé.