Ọ̀dà Tó Wà Lábẹ́ Ọ̀dà

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń gba Mile 2 kọjá kì í gbójú sókè wo kọ̀ǹténà, àfi tí ẹ̀rù bá ń bà wọ́n kó má bàa já lé wọn lórí. Èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà kíkùn ni mo fi ń jẹun ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, l'Ékòó. Kọ̀ǹténà tí wọ́n bá fẹ́ sọ di ṣọ́ọ̀bù, yàrá mégádì tàbí ọ́fíìsì, ọwọ́ mi ló ń bọ́ sí. Bí tírélà bá ti yọ láti èbúté Tin Can, ara ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò, bí ìgbà tí àgbàlagbà ń wo ilà ojú àlejò kó lè mọ ilé tó ti wá.

Ilà ara kọ̀ǹténà sì máa ń pẹ́ ju ilé tó kọ ọ́ lọ. P&O Nedlloyd, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun tó máa ń kun kọ̀ǹténà rẹ̀ ní búlúù, ti di ti Maersk, ojúgbà rẹ̀, láti 2005; P&O Nedlloyd gan-an alára, ilé Gẹ̀ẹ́sì kan àti ti Holland kan ló dà pọ̀. Maersk ti ra Sea-Land ṣáájú, ní 1999. Ní 2017, ó ra Hamburg Süd, onípupa. Lẹ́tà mẹ́rin àti nọ́ńbà méje ló máa ń wà lára ilẹ̀kùn gbogbo wọn: PONU ni ti P&O Nedlloyd, SUDU ni ti Hamburg Süd. Bẹ́ ẹ bá wá rí kọ̀ǹténà aláwọ̀ eérú Maersk tó ń jẹ́ PONU, aṣọ ilé ọkọ ló wọ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ ló ń jẹ́.

Iṣẹ́ tó kọ́ mi lọ́gbọ́n ni ti màmá kan ní Festac, tó ní ṣọ́ọ̀bù òun gbọ́dọ̀ funfun báláú. Kọ̀ǹténà pupa ni, ti Hamburg Süd. Mo fi sáńpépà gbá a lóréfèé, mo fọ́n funfun lé e lẹ́ẹ̀mejì, mo gbowó mi. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí funfun náà fi ń pọ́n, bí aṣọ tí wọ́n fọ pọ̀ mọ́ pupa. Òjò dé, etí àwọn lẹ́tà ńlá tí mi ò ṣí kúrò yọ síta, gbogbo àdúgbò ń kà á. Màmá ránṣẹ́ pè mí. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń jẹ́ Hamburg nínú ṣọ́ọ̀bù mi?"

Láti ọjọ́ náà, mi ò kánjú mọ́. Ooru ni mo fi ń tú lẹ́tà díẹ̀díẹ̀. Màá fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ibi tó bá ti dógùn-ún, pàápàá ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, torí atẹ́gùn oníyọ̀ ọ̀dọ̀ tiwa kì í ṣojú àánú sí irin. Práímà ló kàn, kó sì gbẹ dáadáa. Bí mo bá ń ha á lọ, ọ̀dà á máa jáde ní ìpele-ìpele, eérú, búlúù, títí dé èyí tó bá irin wá láti ilé iṣẹ́. Mo máa ń dúró níbẹ̀ díẹ̀. Mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn téèyàn ti ń fi èékánná ka ìtàn okòwò.

Reluwé tó ń dé ọ̀dọ̀ wa ní Mile 2 láti September 2023 kò ní wàhálà ọ̀dà lábẹ́ ọ̀dà yìí. Àwọ̀ nìjọba Èkó fi sọ ọ́ lórúkọ, Blue Line, búlúù àti funfun ló sì wọ̀. Ó dán, ó wù mí, ṣùgbọ́n (èrò tèmi ni o) kò tíì ní nǹkan kan lábẹ́ ọ̀dà. Reluwé àtijọ́ ló ní in. Ti Èkó, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1896, àti ti Baro sí Kano di ọ̀kan ní 1912, ọdún méjì kí Gómìnà Lugard tó so Àríwá Nàìjíríà mọ́ Gúúsù. Ẹ̀pà àti kòkó ti jọ wà lábẹ́ reluwé kan ṣoṣo kí àwa tó ń kó wọn tó di ará ìlú kan náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ kun kọ̀ǹténà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí péńtà yín fi páálí bo pátákó irin kékeré tó wà lára ilẹ̀kùn kó tó fọ́n ọ̀dà. Ọdún tí wọ́n ṣe é àti ìwọ̀n tí òun àti ẹrù inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wúwo jù ló wà níbẹ̀. Kó sì fi lẹ́tà mẹ́rin yẹn sílẹ̀, ì báà jẹ́ lẹ́yìn nìkan. Ṣọ́ọ̀bù màmá Festac funfun báláú báyìí. Ẹ lọ sẹ́yìn rẹ̀, SUDU ló ṣì ń jẹ́.