Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ó Gba Ìsinmi

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa kan ní Adó-Èkìtì, ọ̀rẹ́ wa kan ka ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ kọ fún wa. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan gba ìsinmi, ó lọ wo omi gbígbóná àti omi tútù tí wọ́n pàdé ní Ìkọ̀gòsì, wọ́n sì pa ìyàwó gbajúmọ̀ olórin kan síbẹ̀. Ìtàn náà dùn, a pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan tí ó wá kí wa bèèrè pé, "Ọmọ mi, ilé ta ni ọkùnrin yẹn wọ̀ sí? Ọmọ ta ni wọ́n pè é?" Ọ̀rẹ́ wa wo ilẹ̀.

Mo mọ ibi tí ó ti mú un. Ní 1941 ni ìwé Agatha Christie tí ń jẹ́ Evil Under the Sun jáde. Hercule Poirot ń sinmi ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní erékùṣù kékeré, ní etíkun Devon, nígbà tí wọ́n fún Arlena lọ́rùn pa. Òṣèré olókìkí ni Arlena kí ó tó di aya Kenneth Marshall. Kí ó tó kú ni àwọn àlejò ti dá a lẹ́jọ́: ẹni tí ń gba ọkọ ọlọ́kọ ni. Poirot ló wá rí i pé obìnrin náà gan-an ni àwọn ọkùnrin ń jẹ, àti pé ẹni tí ó pa á ti kọ́kọ́ tàn án gba owó rẹ̀. Poirot kì í ṣe ìbátan ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Kò sí ẹ̀gàn àtijọ́ kankan tí ó ní láti gbè lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ibi tí ó wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù ni ti Linda, ọmọ ọdún 16, tí Arlena jẹ́ ìyàwó bàbá rẹ̀. Ọmọ yìí fi ìda àbẹ́là mọ ère ìyàwó bàbá rẹ̀, ó sì gún un lábẹ́rẹ́. Nígbà tí Arlena kú, ó gbà pé òun ni òun pa á, ó sì gbé oògùn oorun jẹ kí òun náà lè kú. Ẹ̀yin ará, bí ó bá ṣe pé àdúgbò wa ni, ǹjẹ́ ẹjọ́ kò ti parí? A rí ìda, a rí abẹ́rẹ́, ọmọ sì jẹ́wọ́! Poirot kò gbà. Ohun tí mo bá Christie wí ni pé ó sáré kọjá níbẹ̀. Ó fi ìrora ọmọ náà ṣe ohun tí yóò fi ṣì wá lọ́nà lásán. Ọ̀rẹ́ wa tilẹ̀ fò ó pátápátá, ó kó òtẹ́ẹ̀lì, ó fi ọmọ sílẹ̀.

Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kò wá àlejò lọ síbì kankan nínú Àjà Ló Lẹrù, ní 1969. Lápàdé rẹ̀ ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, àárín àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó sì wà. Kò sí ẹni tí yóò bèèrè ilé tí ó wọ̀ sí.

Ọ̀rẹ́ wa ti ń tún ìtàn rẹ̀ kọ. Ó ní ilé àbúrò ìyá olóògbé ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà yóò wọ̀ sí báyìí. Mo bi í pé bí olóúnjẹ rẹ̀ bá ní ọwọ́ nínú ọ̀ràn náà ńkọ́? Ó ní kí n jẹ́ kí òun ronú ná.