Ojú Tó Ń Rí Táàbù

Mo gbóṣùbà káre fún àwọn tó mọ Makefile tún ṣe. Láti ọdún 1976 tí Stuart Feldman ti kọ Make, ètò tó ń tẹ̀ lé àṣẹ inú Makefile, ní Bell Labs ni táàbù ti ń ṣáájú àṣẹ kọ̀ọ̀kan. Fi àlàfo mẹ́jọ rọ́pò rẹ̀, ojú lásán kò ní rí ìyàtọ̀, àmọ́ Make á yarí: “missing separator”. Ọ̀jáfáfá kì í bá a jà. Á wo nọ́ńbà ìlà, á tẹ àṣẹ cat -A. Táàbù á yọ bíi ^I, àṣírí tú! Nígbà mìíràn, ìlà tí Make dárúkọ kò mọwọ́ mẹsẹ̀: àlàfo kan ṣoṣo ló fara pa mọ́ sẹ́yìn “\” lókè rẹ̀. Àwọn kan á kàn pa fáìlì rẹ́, kí wọ́n tún un kọ. Ọ̀lẹ nìyẹn, lójú tèmi.